Ta Ló Ba Gbòǹgbò Jẹ́?

Ẹ̀gẹ́ tí a hú lónìí tí a fi sílẹ̀ láìbó, tó bá fi máa di ọ̀túnla, bí a bá fi ọ̀bẹ là á, a ó rí ìlà dúdú tó jọ aró tó ti gba inú ara rẹ̀ funfun kọjá. Gbogbo ẹni tó ń ṣe gàrí tàbí fùfú ló mọ ìlà yìí, òun ni kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú falẹ̀. Bí a bá béèrè ohun tó fà á, ìdáhùn tó máa ń sáré wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kòkòrò àìfojúrí ti wọ̀ ọ́. Ìdáhùn náà ní láárí: inú ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti jáde, ilẹ̀ sì kún fún ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ń jẹ ohun tó ti kú. Síbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà dúdú yẹn ń yọ níbi tí àwọn onímọ̀ ti wá kòkòrò títí tí wọn kò rí ẹyọ kan. Ara ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tí a gé e kúrò lára igi rẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà gba ọ́síjìn wọlé láti inú afẹ́fẹ́, àwọn èròjà inú ẹ̀gẹ́ sì bá ọ́síjìn yìí dàpọ̀, wọ́n dúdú. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ti tó fún un. Kòkòrò àìfojúrí ń bọ̀ lóòótọ́, wọ́n á mú kí ẹ̀gẹ́ náà rà, kí ó sì máa rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n ń dé.

Ẹ̀rí tó dára lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kí ilé ìwádìí tó dé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tètè dúdú a máa rì í padà sínú ilẹ̀ tútù. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò inú ilẹ̀ ló ń fa ìlà dúdú, kò sí ohun tó burú ju èyí lọ tí ènìyàn lè ṣe, nítorí àárín àwọn tí a ń fura sí gan-an ló dá ẹ̀gẹ́ padà sí. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ẹ̀gẹ́ náà ń tọ́jọ́. Ilẹ̀ tútù kì í jẹ́ kí ọ́síjìn ráyè wọlé tó bó ṣe fẹ́, ó sì ń fún ojú ọgbẹ́ láyè láti jinná. Àwọn tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti Costa Rica lọ tà ní òkè òkun ń fi ìda bò ó lára fún ìdí kan náà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí àṣìṣe tó fara sin nínú rẹ̀ ni gbogbo orí yìí dá lé. Bíbá kòkòrò nínú gbòǹgbò tó jẹrà kò tíì fi hàn pé kòkòrò náà ló jẹ́ kí ó jẹrà. Igún tó bà lé òkú ẹran lè má mọ nǹkan kan nípa bí ẹran náà ṣe kú, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ilẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀lé ikú pọ̀ ju àwọn tó ń pa ohun alààyè lọ fíìfíì. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìdánwò nìkan ló lè sọ ohun tó fa àrùn gbòǹgbò, àti pé ìdánwò náà kò pé bí a kò bá béèrè irú ilẹ̀ tí àrùn náà ti ṣẹlẹ̀ àti àwọn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí a fura sí. Àgbẹ̀ tó fojú fo ìbéèrè yìí yóò náwó sórí oògùn tí kò ràn án, yóò sì tún gbin ohun kan náà sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí àwùjọ tí a ń wọ̀ ṣe pọ̀ tó. Gíráàmù ilẹ̀ kan, tí kò tilẹ̀ kún ṣíbí kékeré, lè gba bakitéríà tó tó bílíọ̀nù kan, láìka àwọn ẹbí olú tí à ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, àti aràn tíntìntín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nẹ́mátóòdù. Ní ọdún 1904, Lorenz Hiltner, onímọ̀ ará Jámánì, ṣàlàyé pé ilẹ̀ tó fara kan gbòǹgbò yàtọ̀ sí ilẹ̀ tó kù: gbòǹgbò ń da ṣúgà àti oríṣiríṣi èròjà síta, kòkòrò àìfojúrí sì ń pé jọ síbẹ̀ láti jẹ ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ibi. Àwọn kan ń bá gbòǹgbò fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, àwọn kan ń bá àwọn apanirun du oúnjẹ. Nígbà tí gbòǹgbò bá wá ṣàìsàn, ara rẹ̀ á la, ohun tó ń dà síta á pọ̀ sí i, àwọn tó ń jẹ òkú á sì ya dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni àgbẹ̀ ń hú u wò.

Ilé ìwádìí pàápàá lè fi kún ìṣìnà yìí. Bí a bá gé èérún gbòǹgbò tó ti rà, tí a gbé e sórí oúnjẹ inú àwo kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè hù, ẹni tó bá yára dàgbà jù ni yóò bo àwo náà. Fusarium, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí olú, máa ń yára, Trichoderma, ẹbí olú mìíràn, sì máa ń yára jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì wà nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko, yálà àrùn wà tàbí kò sí. Phytophthora, apanirun kan tó jọ ẹbí olú lójú, kì í yára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ bakitéríà inú ilẹ̀ kì í hù nínú àwo rárá, nẹ́mátóòdù tó ń jẹ gbòǹgbò kò lè gbé láìsí gbòǹgbò alààyè, fáírọ́ọ̀sì kì í sì í dàgbà níbikíbi àfi nínú ara ohun alààyè. Nítorí náà, ìwé tó ti ilé ìwádìí jáde pé “a rí Fusarium” lè jẹ́ òótọ́ pátápátá kí ó má sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó pa oko.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1845, pòtétò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà jákèjádò ilẹ̀ Ireland, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ló sì kú nínú ìyàn tó tẹ̀lé e. Gbogbo ènìyàn ló rí ohun funfun tó hù sí abẹ́ ewé tó ń kú. John Lindley, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ewéko tí ẹnu wọn tólẹ̀ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé òjò àti òtútù ló jẹ́ kí pòtétò mu omi yó títí tí ó fi rà, pé òkú ni ohun funfun náà wá jẹ. Àlùfáà Miles Joseph Berkeley kọ ọ́ ní 1846 pé ohun funfun náà gan-an ló ń pa á. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, ìwòye lásán kò sì lè la ọ̀rọ̀ náà. Ó di 1861 kí Anton de Bary ará Jámánì tó ṣe ohun tó yẹ. Ó mú èso kéékèèké tí ohun funfun náà fi ń bí sí i, ó fi sára pòtétò tó ní ìlera, ó sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin kan náà láìfi sí wọn lára. Àwọn tó fi sí lára ṣàìsàn, àwọn tó kù kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rinrin nìkan kò tó. Òun náà ló wá sọ ẹlẹ́mìí yìí ní Phytophthora infestans ní 1876.

Ohun tí de Bary ṣe fún pòtétò ni Robert Koch, onímọ̀ ará Jámánì, àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ di ìlànà fún àrùn ènìyàn àti ẹranko ní 1884. Kí a bá ẹni tí a fura sí lára gbogbo èyí tó ń ṣàìsàn. Kí a yọ ọ́, kí a sì tọ́ ọ lóun nìkan. Kí a fi sára èyí tó ní ìlera, kí àìsàn kan náà sì yọ. Kí a tún bá òun kan náà nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn. Ìlànà náà kò pé fún gbogbo ọ̀rọ̀. Èyí tí kò lè dá gbé, bíi nẹ́mátóòdù àti fáírọ́ọ̀sì, kò ṣeé tọ́ lóun nìkan, a sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn fún wọn. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kẹta, pé kí a fi sára èyí tó ní ìlera kí a sì ní èyí tí a kò fi nǹkan kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo kà sí ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ìwádìí tó bá yọ ìgbésẹ̀ yìí kúrò, àkọsílẹ̀ orúkọ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé ká máa ṣiyèméjì títí láé. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Alfred Fischer, onímọ̀ kan ní Leipzig, sọ pé bakitéríà kò lè jẹ́ orísun àrùn ohun ọ̀gbìn, pé ojú ọgbẹ́ tí nǹkan mìíràn ti dá ni wọ́n máa ń wọ̀. Ó fẹ́ jọ ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá. Ṣùgbọ́n Erwin F. Smith, ní ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé ní 1896 nípa bakitéríà kan tó ń pa tòmátò, pòtétò àti ìgbá, ó ti fi sára àwọn tó ní ìlera, wọ́n sì ti kú ikú kan náà. Fischer pàdánù àríyànjiyàn náà, nítorí pé ó fi ìfura gbogbogbòò dáhùn ìdánwò kan pàtó. Bakitéríà Smith ni a mọ̀ lónìí sí Ralstonia solanacearum. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, ó sì ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi tòmátò. Àmì rẹ̀ ni pé tòmátò á rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ìdánwò rẹ̀ kò gba ju ife omi tó mọ́ lọ: kí a gé ìsàlẹ̀ igi náà, kí a gbé ojú ibi tí a gé kọ́ sínú omi láìmì ín, bí okùn funfun tó jọ wàrà bá ń já bọ̀ láti ojú ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà ló wà nínú rẹ̀. Àrùn ìrọ tí Fusarium ń fà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nẹ́mátóòdù ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń rí àmì rẹ̀ láì mọ̀ ọ́n. Berkeley kan náà tí mo dárúkọ lókè ló kọ́kọ́ kọ nípa kókó tó wú sára gbòǹgbò kùkúńbà nínú ilé ọ̀gbìn onígíláàsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1855, ó sì bá aràn nínú wọn. Abo aràn yìí ń jókòó sójú kan nínú gbòǹgbò, ó ń mú kí àwọn ẹ̀yà ara gbòǹgbò tó yí i ká tóbi, kí wọ́n máa bọ́ ọ, ó sì ń yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin. Nínú ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa, oṣù kan tó fún ìran kan. Tòmátò, ilá, ata, ẹ̀wà, ewédú àti ẹ̀fọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó ń dàrú mọ́ ènìyàn lójú ni pé gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní kókó tirẹ̀ tí kì í ṣe àrùn rárá. Bakitéríà ọ̀rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, tó ń fún ohun ọ̀gbìn ní náítírójìn inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá rí kókó tó sì sọ pé àrùn ni, ó lè máa bínú sí ẹni tó ń bọ́ ọ. Ọwọ́ lásán ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: kókó ọ̀rẹ́ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, ó sì ń já wẹ́rẹ́ bí a bá fi ìka tì í, bí a bá sì là á, inú rẹ̀ á pọ́n nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Kókó aràn kì í já, nítorí pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú.

Ọ̀rọ̀ nẹ́mátóòdù ló gbé wa dé ibi tó le jù. Ní 1892, George Atkinson, tó ń ṣèwádìí lórí òwú ní Alabama, kíyè sí i pé àrùn ìrọ tí Fusarium ń fà máa ń burú sí i níbi tí aràn ti wú gbòǹgbò. Ìwádìí lórí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn láti ìgbà náà ti fi hàn pé ó ríran. Aràn ń yí ara gbòǹgbò padà, Fusarium sì ń rí oúnjẹ àti ọ̀nà tí kì bá tí rí. Níbi yìí, ẹnì kan lè bi mí pé: bí ó bá jẹ́ pé méjì tàbí mẹ́ta ló ń para pọ̀ ṣe é, tí òjò tún wà níbẹ̀, tí ilẹ̀ tún ti ṣá, kí ló kù nínú ọ̀rọ̀ pé “ohun kan ló fà á”? Ṣé kò wá sàn kí a kúkú sọ pé ilẹ̀ ló ti ṣá, bí àwọn baba wa ti ń sọ?

Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìdánwò de Bary. Ọ̀rinrin láìsí Phytophthora kò mú pòtétò rà. Phytophthora nínú ọ̀gbẹlẹ̀ náà kì í lè ràn. Àwọn méjèèjì pọn dandan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba: ọ̀kan ni àrùn náà jẹ́ tirẹ̀, èkejì ń ṣí ọ̀nà fún oríṣiríṣi nǹkan, rere àti búburú. Nítorí náà, mímọ ẹni tó fa àrùn àti yíyan ohun tí a ó ṣe sí i jẹ́ ìbéèrè méjì. A lè mọ̀ dájú pé Phytophthora ló ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní àkùrọ̀ tí omi ń dúró sí, kí iṣẹ́ tó sì yẹ jẹ́ lílà omi jáde àti kíkọ ebè tó ga. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a kò ní mọ̀ pé omi ni kí a bá jà, nítorí pé lílà omi kò ní dá aràn lẹ́kun. Ní ti ilẹ̀ tó ti ṣá, mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà gbé òótọ́ púpọ̀. Ilẹ̀ tí a gbin tòmátò sí lọ́dọọdún ń pàdánù èròjà, nẹ́mátóòdù àti Ralstonia sì ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìsinmi ń dín wọn kù nítorí oúnjẹ wọn kò sí mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí ni pé kò sọ èwo. Ẹni tó rò pé èròjà nìkan ló tán á da ajílẹ̀ sí i, aràn á sì jẹ gbòǹgbò tuntun tí ajílẹ̀ náà mú jáde.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti àgbẹ̀ tó ní òun kò ráyè. Oko ń kú, owó ilé ìwé ọmọ ń bọ̀, ẹni tó ń ta oògùn sì ní òun ní èyí tó ń pa gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó ń pa gbogbo rẹ̀. Carbendazim ń ṣiṣẹ́ lórí Fusarium àti ọ̀pọ̀ ẹbí olú, kò sì ran Phytophthora àti ìbátan rẹ̀ Pythium rárá. Metalaxyl ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn méjì yẹn, kò sì ṣe Fusarium ní nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ ni pé Phytophthora àti Pythium kì í ṣe ẹbí olú, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Ewé odò aláwọ̀ rúsúrúsú tó ń hù nínú òkun ló sún mọ́ wọn jù ú lọ nínú ìbátan, ara wọn kò sì rí bíi ti olú. Àwọn oògùn méjèèjì kò kan Ralstonia, wọn kò kan fáírọ́ọ̀sì. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ti bá àwọn ẹbí olú bíi Fusarium, Botryodiplodia, Macrophomina àti Sclerotium nínú rẹ̀ ní onírúurú oko. Ẹni tó fi ojú inú yan oògùn láàárín gbogbo èyí ń ta tẹ́tẹ́, oúnjẹ ló sì ń da oògùn náà lé lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ife omi àti ọwọ́ lásán ń gbà kò tó àkókò tí a fi ń lọ ra oògùn.

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní àtakò tiwọn. Wọ́n ní ìlànà Koch ti di ti àtijọ́, pé lónìí a lè ka DNA gbogbo ohun tó wà nínú ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láì tọ́ ohunkóhun nínú àwo. Èrè DNA pọ̀, ó ti jẹ́ kí a rí àwọn tí àwo kò lè fi hàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni ẹni tó wà níbẹ̀. Òkú pàápàá ní DNA. Ìwádìí kan tí Rodrigo Mendes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 fi bí ó ṣe yẹ kí a lò ó hàn. Ilẹ̀ kan wà ní Netherlands tí bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà kì í kú nínú rẹ̀ bí a tilẹ̀ da Rhizoctonia solani, ẹbí olú tó ń pa á, sínú ilẹ̀ náà. Wọ́n ka DNA, wọ́n rí ẹ̀yà bakitéríà àti irú wọn tó lé ní 33,000 lára gbòǹgbò. Ilẹ̀ tó ń dènà àrùn àti èyí tí kì í dènà rẹ̀ ní àwọn ẹ̀yà kan náà. Bí wọ́n ṣe pọ̀ sí ló yàtọ̀. Ká ní wọ́n dúró níbẹ̀ ni, àkọsílẹ̀ orúkọ nìkan ni wọn ì bá ní. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ bakitéríà kan tó ń jẹ́ Pseudomonas jáde, wọ́n fi sára bíìtì, ó dáàbò bò ó. Wọ́n ba ibi tó fi ń ṣe èròjà kan tó ń gbógun ti Rhizoctonia jẹ́ nínú rẹ̀, ààbò náà sì lọ. Ìdánwò ló sọ DNA di ìmọ̀.

Ìwádìí kan náà dáhùn àwọn tó ní kí a kúkú fi iná tàbí gáàsì pa gbogbo ohun tó wà nínú ilẹ̀ kí a sinmi. Nígbà tí wọ́n mú ilẹ̀ rere yẹn gbóná dé ìwọ̀n 80 Celsius, ìdènà àrùn rẹ̀ pòórá. Nígbà tí wọ́n po ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ búburú, díẹ̀ nínú ìdènà náà wọ ibẹ̀. Ẹlẹ́mìí ni ààbò ọ̀hún. Àlìkámà ti fi irú èyí hàn láti ìgbà pípẹ́: níbi tí wọ́n bá ti gbìn ín léraléra, àrùn gbòǹgbò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní take-all máa ń burú sí i fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ rí i pé Pseudomonas tó ń ṣe oògùn tirẹ̀ lára gbòǹgbò ló ń pọ̀ sí i títí tó fi borí. Kì í ṣe gbogbo àrùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó máa gbin tòmátò sórí Ralstonia títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa gbogbo ilẹ̀ pa aláàbò mọ́ apanirun, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ padà dé ilẹ̀ òfìfo ni yóò jọba lé e. Methyl bromide, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ti di ohun tí àdéhùn Montreal lé kúrò nínú oko, ní 2005 fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ àti 2015 fún àwọn tó kù, nítorí ó ń ba ozone ojú ọ̀run jẹ́.

Kí wá ni àgbẹ̀ lè ṣe kí ìdánwò tó ṣeé ṣe? Àwòrán àrùn nínú oko ni kí ó kọ́kọ́ wò. Èyí tó kó jọ sí ibi tí omi ń dárogún sí ń tọ́ka sí Pythium tàbí Phytophthora. Èyí tó wà ní àgbájọ àgbájọ tó ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún ń tọ́ka sí aràn. Èyí tó ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà omi tàbí ibi tí ọkọ́ ti kọjá láti ara igi tó ń kú lè jẹ́ bakitéríà. Ìtọ́ka lásán ni wọ̀nyí. Bí ó bá fẹ́ kó nǹkan lọ sí ilé ìwádìí, yálà IITA ní Ìbàdàn tàbí ẹ̀ka ọ̀gbìn yunifásítì tó sún mọ́ ọn, kí ó má ṣe mú èyí tó ti kú tó ti ń rùn, nítorí àwọn tó ń jẹ òkú nìkan ni wọn yóò bá nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàìsàn ni kí ó hú, pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí gbòǹgbò rẹ̀ ká, kí ó sì mú èyí tó ní ìlera láti oko kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó ní ìlera yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ fún onímọ̀ ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi. Kí ó má jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n. Nínú ilé ìwádìí, etí ibi tí ara rere ti pàdé ara tó ti rà ni kí wọ́n gé, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣáájú wà.

Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí ilẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, àrùn kan wà tó ń ba inú ẹ̀gẹ́ jẹ́, tí àmì rẹ̀ lórí ewé kì í sábà hàn dáadáa, tí àgbẹ̀ fi lè má mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ tó bá hú u. Inú ẹ̀gẹ́ náà á gbẹ, á le, á ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú káàkiri. H. H. Storey, tó ń ṣiṣẹ́ ní Amani ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, kọ nípa rẹ̀ ní 1936, ó sì kà á mọ́ àrùn fáírọ́ọ̀sì. Ọdún 65 ló kọjá kí àwọn onímọ̀ tó ka ara àmì ìdánimọ̀ fáírọ́ọ̀sì náà ní 2001. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbé èérún ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú àwo ì bá rí olú inú ilẹ̀ tó ti wọ ibi tó bàjẹ́. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé fún gbígbìn ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri, pẹ̀lú eṣinṣin funfun kékeré tó ń bà sí abẹ́ ewé. Ebè gíga kò kàn án, ajílẹ̀ kò kàn án, oògùn ilẹ̀ kò kàn án. Igi tó mọ́ ni ìdènà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ WAVE, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abidjan, ń ṣọ́ ọ kí ó má bàa wọ ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá hú ẹ̀gẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Kétu tí inú rẹ̀ gbẹ tó sì pọ́n bẹ́ẹ̀ láìrùn, kí ó má fi igi rẹ̀ tọrẹ fún aládùúgbò. Kí ó gbé igi, ewé àti ẹ̀gẹ́ náà lọ fún wọn kí ó tó dá ilẹ̀ lẹ́bi.